Nígbà Tí Kétu Di Ahoro

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ẹ̀yin ará ilé tó wà lájò. Èmi nìkan ni mo wà nídìí ètò lónìí, ní Lille níbí. Bí ẹ bá gbọ́ ariwo tíréènì, ẹ forí jì mí, fèrèsé mi kò pa dé dáadáa.

Ọ̀rọ̀ Kétu, ìlú wa ní ilẹ̀ Benin, ni. Kì í ṣe ti Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ìyẹn ti délé dóko. Ìgbà tí èèyàn kankan kò sí ní Kétu ni mo fẹ́ sọ.

Àwọn ọmọ wa tó ti ya fọ́tò níwájú Akaba Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú náà, rò pé bí ìlú ṣe wà láti ìṣẹ̀ǹbáyé náà nìyẹn. Rárá o. Ní 1883, ogun Dàhọ̀mì, ìjọba àwọn Fọ̀n, ya wọ Kétu, wọ́n tiná bọ ilé, wọ́n pa Alákétu Òjékù. Àwọn tó ṣẹ́ kù ṣara gírí. Ní 1886, ogun Glèlè, ọba Dàhọ̀mì, tún dé, wọ́n sì dó ti ìlú. Odi nípọn, yàrà jìn, àmọ́ ta ní í fi yàrà se ọbẹ̀? Ebi ló ṣílẹ̀kùn. Ẹni tí wọn kò pa, wọ́n kó o lẹ́rú lọ sí Àgbómẹ̀, olú ìlú Dàhọ̀mì. Igbó gba ọjà, ó gba ààfin.

Ohun tó máa ń bí mi nínú jù nìyí: ìgbà tí Kétu ṣì jẹ́ ahoro ni Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé ààlà ní 1889. Kétu bọ́ sí ọwọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ tó wà lábẹ́ Alákétu bọ́ sí ìhà kejì. Wọ́n pín ilé nígbà tí onílé wà lóko ẹrú. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Faransé pé ọ̀gágun Dodds wọ Àgbómẹ̀ ní 1892, tí àwọn ará wa fi rí ọ̀nà padà wálé, mo máa ń dákẹ́ ni. Tara wọn ni wọ́n bá lọ. Àwọn ará wa padà, wọ́n ṣán igbó, wọ́n tún fi ọba jẹ ní 1894.

Ìyá tó bí ìyá bàbá mi wà nínú àwọn tó padà. Ọmọ ọwọ́ ni, Àgbómẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Wọ́n ní títí tó fi kú, bó bá ń ka owó ata rẹ̀, èdè Fọ̀n ló fi ń kà á: dòkpó, wè, àtọ̀n. Yóò rọra to owó náà sórí itan ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá bá a sọ̀rọ̀, á gbé ọwọ́ sókè láìdáhùn, á kà á tán kó tó kí onítọ̀hún. Oríkì ńkọ́? Ti Kétu pọ́nńbélé ni o.

Mo dárúkọ rẹ̀ nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa. Arábìnrin kan fẹ́ jẹ akọ̀wé, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ní kò lè ṣe é, pé Fọ̀n ni ìyá rẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́! Mo wo ojú wọn títí.

Ẹ̀yin bàbá mi, ìtàn wo lẹ kà? Ṣebí Aro ni àwọn baba wa wà kí ọba Èdé tó kó wọn wá sí Kétu? Aro náà di ahoro, orúkọ rẹ̀ ló kù, tí ìdílé ọba kan ń jẹ́ títí dòní. Ìtàn kan náà sọ pé nígbà tí Èdé dé, kò síná lọ́wọ́ wọn. Ìyá Pankú ni wọ́n lọ tọrọ iná lọ́wọ́ rẹ̀. Fọ̀n sì ni ìyá yẹn. Iná tí wọ́n kọ́kọ́ fi dáná ní Kétu, ọwọ́ Fọ̀n ló ti wá, kí Glèlè tó wá fi iná tirẹ̀ sun ún.

Oṣù tó ń bọ̀ ni ìdìbò. Arábìnrin yẹn ni mo máa dìbò fún, mo sì ti sọ fún bàbá náà lórí fóònù. Ó ní òun yóò ronú sí i.