Ìbéèrè Kan, Ọdún Mọ́kànlá: Iṣẹ́ Ìwádìí Graeme Clark Lórí Etí Dídi

Ẹ̀yin dókítà ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ yan iṣẹ́ abẹ etí, imú àti ọ̀fun láàyò, ẹ ó pàdé aláìsàn kan tí ọ̀bẹ yín kò ní wúlò fún. Ìlù etí rẹ̀ kò lu, eegun kéékèèké mẹ́ta tó wà lẹ́yìn rẹ̀ pé, síbẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan. Àwọn sẹ́ẹ̀lì onírun inú etí, tó yẹ kí wọ́n gba ìró kí wọ́n sì jẹ́ fún iṣan, ló ti kú. Ẹ gbé ohùn sókè títí, kò sẹ́ni tí yóò gbà á wọlé.

Irú aláìsàn yìí ni Graeme Clark, oníṣẹ́ abẹ tó ṣe ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tí a ń fi sínú etí (cochlear implant), fi iṣẹ́ ayé rẹ̀ lé. Wọ́n bí i ní 1935 ní Camden, ní Ọsirélíà. Bàbá rẹ̀ ń ta oògùn, kò sì gbọ́ràn dáadáa. Clark ti ń ṣiṣẹ́ abẹ nígbà tó ka ìròyìn ìwádìí Blair Simmons ti Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, tó fi iná mànàmáná ta iṣan ìgbọ́ràn èèyàn jí. Ẹni náà gbọ́ ìró, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ọ̀rọ̀. Kí ló fà á? Ìbéèrè yìí ló mú kí Clark fi iṣẹ́ tó ń mówó wọlé sílẹ̀ ní 1967, tó padà di akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Sydney.

Ológbò ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó rí i pé bí ìtanijí iná bá ti kọjá 200 sí 500 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, iṣan kò lè bá a rìn mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìró tí a nílò láti fi dá ọ̀rọ̀ mọ̀ ń gbọ̀n títí dé bíi ìgbà 4,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Wáyà kan ṣoṣo kò lè rù ú. Ọ̀nà tó kù ni kí a lo ibi tí ìró ń bọ́ sí. Ìhò ìgbọ́ràn tó wà ní ìsàlẹ̀ inú etí (cochlea) ká bí ìkarawun ìgbín ní bí ìgbà méjì àbọ̀, gígùn rẹ̀ tó 35 mm. Ẹnu rẹ̀ ló ń gba ohùn tínrín, ṣóńṣó rẹ̀ ló ń gba ohùn kíkẹ̀. A gbọ́dọ̀ ki òrùka irin púpọ̀ bọ inú rẹ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa ta ibi tirẹ̀ jí.

Ibí ni iṣẹ́ ti dí. Wáyà tó le a máa gún ògiri òde ìhò náà, a sì dúró. Tí ẹ bá fipá tì í, á fa awọ fẹ́lẹ́ inú rẹ̀ ya, iṣan tí ẹ fẹ́ lò á sì kú. Ní 1977, ní etíkun Minnamurra, Clark mú ìkarawun kan, ó ń ki koríko bọ ẹnu rẹ̀. Ewé tó rọ̀ lẹ́nu tó sì ń le bọ̀ ní ìdí ló yípo wọlé láìdúró. (Ẹ fi ìkarawun ìṣáwùrú dán an wò, ọwọ́ yín yóò mọ ìyàtọ̀ náà kíákíá.) Bí wọ́n ṣe wá ṣe wáyà náà nìyẹn: rọ́bà sílíkọ́nì tó rọ̀ ní ṣóńṣó, tó ń le díẹ̀díẹ̀, tí òrùka pílátínọ́ọ̀mù yí ká.

Iná náà gbọ́dọ̀ lọ kó sì padà ní ìwọ̀n kan náà. Bó bá ń lọ síhà kan ṣoṣo, irin á jẹrà, ẹran ara tó yí i ká á sì bàjẹ́.

Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ 1978, ní ilé ìwòsàn Royal Victorian Eye and Ear ní Melbourne, Clark àti oníṣẹ́ abẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Brian Pyman, fi ẹ̀rọ náà sí etí Rod Saunders, ẹni tí ìjàǹbá ọkọ̀ sọ di adití. Wọ́n gbẹ́ eegun ẹ̀yìn etí, wọ́n rọra kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣan ojú, nítorí bí ẹ bá kan iṣan yẹn, ojú á wọ́. Nígbà àyẹ̀wò, wọ́n ń ta òrùka kan jí lẹ́ẹ̀kan, Saunders á ní èyí dà bíi fáwẹ̀lì báyìí, tọ̀hún dà bíi òmíràn. Ohun tí wọ́n ń wá nìyẹn. Wọ́n fi ibi tí òrùka wà gbé ìyàtọ̀ fáwẹ̀lì, wọ́n sì fi iye ìtanijí gbé gbígbọ̀n ohùn. Kí ọdún náà tó parí, ó ń dá ọ̀rọ̀ mọ̀ láìwo ẹnu. Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ẹ̀rọ náà fún àgbà ní 1985, fún ọmọdé ní 1990, nígbà tí ìwádìí ti fi hàn pé ẹran ara máa ń dí ibi tí wáyà gbà wọ ìhò ìgbọ́ràn, tí kòkòrò àrùn etí kò fi ní rọrùn wọlé dé ọpọlọ.

Ibi tó kàn wá rèé. Ẹ̀rọ yìí ń gbé fáwẹ̀lì àti kọ́ńsónáǹtì dáadáa ju ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ Ṣáínà tó ń lò ó, tí èdè wọn náà ń fi ohùn ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀, ti fi èyí hàn kedere. Nínú èdè tiwa, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀, ohùn nìkan ló yà wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìwádìí lè bẹ̀rẹ̀ báyìí: kó gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọkùnrin àti obìnrin, kó mú kí gbogbo wọn gùn bákan náà, kí wọ́n sì dún sókè bákan náà, kí aláìsàn má fi ìyẹn mọ̀ wọ́n. Kó wá máa dá wọn jáde láìtò wọ́n, láìjẹ́ kí aláìsàn rí ẹnu, kó sì kọ èyí tí aláìsàn ṣì gbọ́ sílẹ̀, kì í ṣe èyí tó gbọ́ re nìkan.