Etí Ló Ń Ya Fọ́tò Olórin

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ oníkámẹ́rà sọ ní Kútọ̀, Abẹ́òkúta, nìyí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí kò ráyè wá.

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ kú ìjókòó. Ìbéèrè tí mo ń gbọ́ jù lẹ́nu yín ni pé ṣé ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá, tí kò ṣe fíríìdọ̀mù, lè máa fi fọ́tò ojú agbo jẹun. Ó lè ṣe é. Kámẹ́rà kò ṣòro kọ́. Orin ló ṣòro, ọ̀pọ̀ yín sì ti ń gbọ́ orin kẹ́ ẹ tó mọ kámẹ́rà.

Ẹ wo onígángan. Bó bá gbé kọ̀ǹgọ́ sókè, ọwọ́ rẹ̀ máa ń dúró díẹ̀ lókè kó tó já lé awọ. Ìgbà yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ tẹ kámẹ́rà. Ẹni tó bá ń retí kí ìlù dún kó tó tẹ̀ ẹ́, ó ti pẹ́. Bí ẹ bá fi ìyára kámẹ́rà sí 1/250, ìyẹn ìdá kan nínú 250 ìṣẹ́jú-àáyá, kọ̀ǹgọ́ á dúró gbọin nínú fọ́tò. Bó bá jẹ́ 1/60, ọwọ́ á rí bí èéfín. Ní tèmi, mo fẹ́ràn kí ọwọ́ máa sá díẹ̀, kí ojú onílù sì mọ́ kedere.

Akọrin ńkọ́? Bó bá ń lé orin, máìkì á bo ẹnu rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó dé ibi tí àwọn elégbè ti máa gbè é. Níbẹ̀ ló ti ń gbé máìkì kúrò lẹ́nu, tó ń nu òógùn, tó ń fojú wá ẹni tó kàn tí yóò kì. Ojú kò lè sọ fún yín pé elégbè fẹ́ gbè, etí ló ń sọ ọ́. Gángan náà sábà máa ń ki èèyàn kí akọrin tó dárúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ oríkì ìdílé kan lẹ́nu ìlù á ti kọjú lẹ́ńsì síbi tí bàbá onílé ọ̀hún jókòó sí, kí bàbá tó dìde, kí wọ́n tó máa lẹ owó mọ́ olórin níwájú orí. Ẹni tí kò gbédè ìlù, ẹ̀yìn agbádá ló máa yà.

Iná búlúù àti iná aláwọ̀ àlùkò tó gbòde báyìí kì í ṣe ọ̀rẹ́ àwa aláwọ̀ dúdú. Ó máa ń pa ojú èèyàn rẹ́. Ẹ wá ibi tí iná funfun ti kan olórin lójú, kẹ́ ẹ dúró síbẹ̀. Lẹ́ńsì 50mm f/1.8, tí ihò rẹ̀ ń ṣí gbayawu, kò wọ́n púpọ̀, ó sì ń gba iná wọlé dáadáa. Ẹ má bẹ̀rù ISO 3200, ìyẹn nọ́ńbà tó ń jẹ́ kí kámẹ́rà ríran níbi tí iná kò ti pọ̀. Fíláàṣì ni kẹ́ ẹ yé tàn sójú onílù: lókè òkun, ọ̀pọ̀ ibi eré ni kì í gbà á láyè, orin mẹ́ta àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n sì ń jẹ́ kí onífọ́tò yà.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà ọdún 1967, ní Monterey ní Amẹ́ríkà, ọmọ ọdún 17 kan tó ń jẹ́ Ed Caraeff dúró lórí àga lẹ́bàá pèpéle nígbà tí Jimi Hendrix, olórin onígìtá, dáná sun gìtá rẹ̀. Kò tíì jáde girama. Fọ́tò kan ṣoṣo ló kù nínú fíìmù rẹ̀, òun ló sì di ìlú-mọ̀ọ́ká. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí ọmọ yẹn, torí kò sí ọ̀gá lẹ́yìn rẹ̀ tó ní "tẹ̀ ẹ́ báyìí".

Àmọ́ fọ́tò kan kò tó fi jẹun títí. Jim Marshall, onífọ́tò ará Amẹ́ríkà tó ya Johnny Cash olórin nígbà tó ṣeré lọ́gbà ẹ̀wọ̀n San Quentin lọ́dún 1969, kì í gba iṣẹ́ tí wọn kò bá ní jẹ́ kó rìn fàlàlà láàárín àwọn olórin, lórí pèpéle àti lẹ́yìn rẹ̀. Kò sì ta ẹ̀tọ́ fọ́tò rẹ̀. Ó kú lọ́dún 2010. Lọ́dún 2014 ni àjọ Grammy fi àmì ẹ̀yẹ dá a lọ́lá. Ní Nàìjíríà níbí náà, òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ (Copyright Act) ti 2022 fi fọ́tò sọ́wọ́ ẹni tó yà á, àfi bí àdéhùn bá sọ ohun mìíràn. Torí náà, ẹ ka ìwé àdéhùn kẹ́ ẹ tó buwọ́ lù ú.

Ohun tó ń dùn mí jù rèé. Àyìnlá Ọmọwúrà, olórin àpàlà, ọmọ Abẹ́òkúta yìí, kú lọ́dún 1980. Ojú rẹ̀ tí mo mọ̀ jù ni ti ara páálí àwo. Adéwọlé tó ń lùlù fún un, ohùn ìlù rẹ̀ wà nínú àwo dáadáa, àmọ́ mi ò mọ bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń rí lórí awọ. Àwọn onílù òní ńkọ́? Bí ẹ bá ti òde dé, kẹ́ ẹ tó sùn, ẹ kọ orúkọ sí fọ́tò: ta ló kọrin, ta ló lu gángan, ta ló lu àkúbà, níbo, ọjọ́ wo. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan síbòmíràn. Kẹ́ ẹ sì fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí onílù náà.