Ìrẹsì Kì Í Gba "s": Bí Mo Ṣe Ń Fi Abọ́ Méjì Kọ́ Ọmọ ní "Many" àti "Much"

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin òbí tó ń kọ́ ọmọ nílé. Láti ìgbà tí mo ti ṣe fídíò "is" àti "are" lẹ ti ń bẹ̀ mí: "Àǹtí, ẹ bá wa ṣe many àti much." Ó ti dé. Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ Prámárì 2, ọ̀nà yìí ni mo ń lò, kò sì já mi kulẹ̀ rí.

Ẹ wá abọ́ méjì àti ife kékeré kan. Ẹ bu ìrẹsì sínú abọ́ kan, ẹ bu ẹ̀wà sínú èkejì. Èyí tí a kò tíì sè ni o! Tí ẹ bá gbé sísè síwájú ọmọ, ẹ̀kọ́ ti parí nìyẹn, ṣíbí ló kù.

Kí n tó fọwọ́ kan abọ́, ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń dùn mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ọmọ mọ́ pé "uncountable ni ohun tí a kò lè kà." Ọmọdébìnrin kan ti gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ níbòmíràn kó tó dé kíláàsì mi. Ó jókòó ti abọ́ ìrẹsì, ó ń fi ìka tì í lẹ́yọ lẹ́yọ, ètè rẹ̀ ń mì. Ó ka mẹ́tàlélógójì, ó wá gbójú sókè: "Àǹtí, mo kà á." Òótọ́ ló sọ! Kí lẹ fẹ́ sọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀? Pé ojú rẹ̀ ló ń tàn án ni?

Ohun tí mo sọ fún un ni pé: "O kà á lóòótọ́, o ṣeun. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì kò bi wá bóyá a lè kà á. Ó ń bi wá bóyá orúkọ rẹ̀ ń gba s lẹ́yìn." Bean, beans: ó gbà á. Rice? Kò sí rices. Èyí tó bá gba s, many ni tirẹ̀, èyí tí kò gbà á, much ni tirẹ̀. Many beans, much rice. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ti ọwọ́ bọ abọ́ bó ṣe ń pè é, kí ọwọ́ àti ẹnu jọ ṣiṣẹ́.

Child kì í gba s, children ló ń dà, tooth náà ń di teeth. Àwọn tó ń pààrọ̀ ara bẹ́ẹ̀, ẹ kà wọ́n mọ́ àwọn tó gba s. Sheep àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ di Prámárì 4.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń sọ pé "yóò gbọ́ ọ létí pé one rice kò dáa", níbo ni yóò ti gbọ́ ọ? Ọmọ tó jẹ́ Yorùbá ló ń sọ nílé, one rice kò ṣe é ní nǹkan kan. Ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́ fún un, lónìí, lọ́la, lọ́tùnla. Mo lẹ bébà ńlá méjì mọ́ ògiri kíláàsì mi, ọ̀kan fún many, ọ̀kan fún much, a sì ń fi ọ̀rọ̀ kan kún un láràárọ̀.

Ibi tí àṣìṣe ti ń wá gan-an rèé. Nínú Yorùbá, "mélòó" kò yan ọ̀rẹ́. Ẹ dé ìsọ̀, wọ́n á ní, "Búrẹ́dì mélòó?" "Omi mélòó?" Kò sẹ́ni tó máa rò pé odò ni wọ́n fẹ́ kà, gbogbo wa mọ̀ pé ọ̀rá omi ni. Yorùbá tó pé ni. Gẹ̀ẹ́sì kò gbà bẹ́ẹ̀, ó fẹ́ kí o dárúkọ òṣùwọ̀n rẹ̀. Ibí yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ yìí! Ẹ gbé ife. Ẹ wọn ìrẹsì: one cup, two cups, three cups. Ẹ dúró, ẹ bi wọ́n, "Ta ló gba s?" Wọ́n á pariwo pé cup ni! Ìrẹsì wà níbẹ̀ jẹ́ẹ́, kò gba nǹkan kan. How many cups of rice. Látìgbà náà lọ, bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé "two breads" ní kíláàsì mi, gbogbo wọn á kígbe lẹ́ẹ̀kan: "Òṣùwọ̀n rẹ̀ dà?" Two loaves of bread. Two sachets of water. Two pieces of chalk.

Ẹ ṣọ́ra fún "how much" o. Ọjà ni àwọn ọmọ ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, "èló ni" ló jẹ́ sí wọn. Mo na abọ́ sí ọmọkùnrin kan, mo ní, "How much rice is in the bowl?" Ó ní, "Five hundred naira, ma." Ìyá rẹ̀ ń tajà. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ ya méjèèjì sọ́tọ̀: ti owó, ti ìwọ̀n. Owó fúnra rẹ̀ ńkọ́? Money kò gba s. How much money, ṣùgbọ́n how many naira.

Ẹnì kan kọ ọ́ sábẹ́ fídíò tó kọjá pé mo ń ba Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ jẹ́ pẹ̀lú Yorùbá tí mo fi ń kọ́ wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn kò gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ wá wo ìwé àwọn ọmọ tèmi náà kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Àgbàlagbà tó ń kọ "furnitures" àti "informations" sínú lẹ́tà ló ń kọ mí lóminú.

Ó kù díẹ̀, mo ń sáré. "Díẹ̀" gan-an ló kù! Few fún ẹ̀wà, little fún ìrẹsì àti omi. Lẹ́tà "a" tó wà níwájú wọn lẹ máa tẹnu mọ́. Ẹ bu omi díẹ̀ sínú ife. Tó bá tó fi gbé oògùn mì, a little water. Tí kò bá tó nǹkan, little water. Ẹ fún ọmọ ní ẹ̀wà márùn-ún kó fi ṣeré: a few beans. Ẹ sọ pé kó fi márùn-ún náà se oúnjẹ alẹ́ fún gbogbo ilé: few beans! Wọn kì í gbàgbé.

Mo ń gbọ́ ariwo wọn níta, àkókò ìsinmi ti parí. Some àti any di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí n da ẹ̀wà yìí padà sínú ọ̀rá rẹ̀, èmi ni mo máa sè é lálẹ́.