Omi Inú Àpáta: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn tó Ń Lọ Kàwé ní Akùngbá

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ìgbaniwọlé, ẹ kú ìjókòó. Àwa ará Àkúrẹ́, bí wọ́n bá ti dárúkọ òkè, Ìdànrè ló ń sọ sí wa lọ́kàn. A ó gun àtẹ̀gùn 660, a ó ya fọ́tò, a ó padà sílé lọ jẹun. Ọmọ tó ń lọ sí Akùngbá-Àkókó kò ní padà sílé nírọ̀lẹ́. Ọdún mẹ́rin, ó kéré tán, ni yóò fi bá àpáta gbé.

Ọdún 1999 ni yunifásítì ìpínlẹ̀ Oǹdó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, èyí tí wọ́n wá fi orúkọ olóògbé Michael Adékúnlé Ajáṣin sọ. Ilé ará ìlú ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń háyà. Ohun tó bá ń ni ìlú lára, ó ń ni àwọn náà lára, omi ló sì ṣáájú.

Èmi náà gbé ibẹ̀. Bó bá di oṣù kejì, aago mẹ́rin ìdájí la ti ń to kẹ́ẹ̀gì sẹ́nu kànga. Màmá onílé wa fi àgádágodo ti ìdérí rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì méjì ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá gbọ́ tí korobá ha òkúta nísàlẹ̀, omi ti tán nìyẹn. Màmá á ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí omi sun díẹ̀ ná." A ó jókòó, a ó tan iná fóònù sórí ìwé wa, a ó máa dúró.

Kì í ṣe ìwà ahun. Àpáta kì í mu omi. Inú erùpẹ̀ tó bò ó àti inú ibi tó bá ti là ni omi ń sá sí. Ní Akùngbá, erùpẹ̀ náà kì í nípọn níbi púpọ̀. Ìdí nìyẹn tí kànga ilé kan fi ń sun, tí ti ilé kejì gbẹ. Mo ti gbọ́ tí wọ́n ń fẹ̀sùn kan aládùúgbò nítorí èyí. Ẹ jọ̀ọ́, àpáta ni.

Ó dùn mí pé òjò ń rọ̀ níbẹ̀ dáadáa, síbẹ̀ omi ń wọ́n. Lórí páànù tó fẹ̀ tó mítà 10 ní ìbú, mítà 10 ní òró, òjò mìlímítà 30 péré jẹ́ lítà 3,000: kẹ́ẹ̀gì onílítà 25, ọ̀nà 120. Àwọn bàbá wa máa ń gbé odù sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin onílé tó ń gba owó akẹ́kọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ fa páìpù láti orí òrùlé sínú táńkì.

Ẹ kìlọ̀ fáwọn ọmọ nípa títì náà. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló sọ̀ kalẹ̀ dé iwájú yunifásítì. Nínú oṣù kìíní ọdún 2021, ọkọ̀ àjàgbé kan já wọ àárín èèyàn níbẹ̀, ó pa akẹ́kọ̀ọ́. Mi ò lè sọ̀rọ̀ Akùngbá kí n má rántí wọn.

Bàbá kan béèrè bí òun ṣe máa mọ ilé tó dáa. Ẹ má wo kànga lóṣù keje, sà. Gbogbo kànga ló lómi nígbà yẹn. Ẹ bi akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbébẹ̀ pé, lóṣù kejì tó kọjá, aago mélòó ló ń jí lọ pọnmi.