"Omi lásán ni, mà": ọ̀rọ̀ nípa vape tí mo bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìlera sọ

Àwọn tí ò ráyè wá lọ́jọ́bọ̀ ló ní kí n kọ ọ̀rọ̀ yẹn síbí, ó dáa, bí mo ṣe sọ ọ́ rèé.

Ẹ̀yin ọmọ wa, lọ́jọ́ kan a ṣẹ̀ṣẹ̀ parí wọ́ọ̀dù ráàǹdì, akẹ́kọ̀ọ́ kan bẹ̀rẹ̀ mú bírò ẹ̀ nílẹ̀, nǹkan kan bá yọ́ bọ́ látinú àpò wọ́ọ̀dù kóòtù ẹ̀, kò ju fláàṣì kọ̀ǹpútà lọ, ó ń ta sánsán bíi máńgòrò. Mo ní kí lèyí? Ó ní, "Ẹ má bínú mà, vape ni, omi lásán ló wà níbẹ̀, kì í ṣe sìgá." Ọmọ yìí gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ to gbogbo ohun tí sìgá ń fi ojú ẹ̀dọ̀fóró rí fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì kẹta o, kò sì ṣi ọ̀kan.

Kì í ṣomi. Propylene glycol àti glycerin ni, kẹ́míkà olómi méjì, pẹ̀lú adùn tí wọ́n pò mọ́ ọn, nikotíìnì, èròjà inú sìgá tó ń di bárakú, sì wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀. Bátìrì á mú wáyà kékeré kan gbóná, wáyà á sọ olómi yẹn di èéfín, níbi tó ti ń gbóná yẹn, formaldehyde, kẹ́míkà olóró kan, lè jáde, irin ara wáyà náà lè bá a wọlé sínú àyà.

Hon Lik, apòògùn kan ní Ṣáínà, ló ṣe irú èyí tí a mọ̀ lónìí ní 2003, òun fúnra ẹ̀ ń mu sìgá, ó ń wá bó ṣe máa jáwọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló wà fún. Títí dòní ni NHS, ètò ìlera ìjọba ní Britain, ṣì ń fi ran àwọn amusìgá lọ́wọ́ torí ewu ẹ̀ kéré sí ti sìgá, mi ò ní parọ́ fún yín, tí aláìsàn tó ń mu páálí kan lójúmọ́ bá bi yín, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Àmọ́ ìwọ tóò mu sìgá rí ńkọ́, kí lo fẹ́ fi jáwọ́ nínú ẹ̀?

Ẹ ní torí ìwé lẹ ṣe ń fà á, torí náìtì dúùtì. Nikotíìnì ń ta ọpọlọ jí lóòótọ́, kì í pẹ́, tó bá ti ń kúrò lára, inú á máa bí ẹ, ìwé ò ní wọlé, tó o bá tún fà á ara á tù ẹ́, wàá ní òun ló ń ràn ẹ́ lọ́wọ́, gbèsè tí òun fúnra ẹ̀ dá sílẹ̀ ló ń san yẹn. Ọpọlọ sì ń dàgbà títí dé nǹkan bí ọmọ ọdún 25, ẹ wo ọjọ́ orí yín.

Ní Amẹ́ríkà, láàárín 2019 sí February 2020, èèyàn 2,807 ni wọ́n kà pé vape gbé dé ọsibítù tàbí pa, 68 ló kú. Èròjà igbó tí wọ́n fi vitamin E acetate lú ló fa èyí tó pọ̀ jù, àwọn tó ń fà á ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ṣé ẹ̀yin mọ ohun tó wà nínú èyí tí ẹ rà lórí WhatsApp?

Mo dá nǹkan ọmọ yẹn padà fún un. Mo ní bí bàbá tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kẹta bá bi ẹ́ pé ṣé kí ọmọ òun náà máa fà á, kí lo máa sọ? Ó dákẹ́ títí, ó wá rọra bi mí pé, "Mà, báwo lèèyàn ṣe ń fi í sílẹ̀?"

Tí ìbéèrè yẹn bá wà nínú ẹ̀yin náà, lọ́jọ́rú láago mẹ́rin, mo máa ń wà ní ọ́fíìsì, mi ò ní kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀.