Orúnkún Tó Ń Dunni: Ìtọ́jú Nínú Ilé Pẹ̀lú Fóònù

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa ní Kétu. Orúnkún la fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, èyí tí kerekere tó bo orí egungun inú rẹ̀ ti ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Làkúrègbé ni ọ̀pọ̀ ń pè é. Wọ́n á ní ogbó ló dé, kí ẹsẹ̀ máa sinmi.

Ìsinmi yẹn gan-an ló ń bà á jẹ́. Òótọ́ ni pé kerekere tó ti jẹ kì í padà sí bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n iṣan iwájú itan ló ń bá orúnkún gbé ẹrù ara, iṣan sì ń lágbára sí i bí a bá ń lò ó, kódà lára ẹni 70 ọdún. Ẹni tó bá jókòó sójú kan nítorí ìrora, iṣan rẹ̀ á joro, gbogbo ẹrù á já lé orúnkún.

Àyẹ̀wò àkọ́kọ́, ojúkojú ni kó jẹ́, nítorí ọwọ́ kiné, ìyẹn àwa oníṣègùn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara, gbọ́dọ̀ kan orúnkún náà. Lẹ́yìn ìyẹn, kò pọn dandan kéèyàn máa wọ takisí lọ sí Kútọnu lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹsẹ̀ tó ká kò sínú ọkọ̀ tún le gbagidi. Fídíò WhatsApp tó fún wa láti rí bí ẹ ṣe ń ṣe eré ìdárayá nílé.

Ẹ gbé fóònù sórí nǹkan tó ga tó ìbàdí, kó jìnnà tó mítà 2. Ẹ má jẹ́ kí ẹnu ọ̀nà tàbí fèrèsé wà lẹ́yìn yín, torí òjìji nìkan la ó rí. Ẹ ká ìró tàbí ṣòkòtò kọjá orúnkún. Láti ẹ̀gbẹ́ la ti ń mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ nà tán. Láti iwájú la ti ń rí i bí orúnkún bá ń tẹ̀ sínú. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń já, ẹ gba fídíò ìṣẹ́jú-àáyá 30 sílẹ̀ kí ẹ fi ránṣẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ dùbúlẹ̀, kí ẹ ká táwẹ̀lì sábẹ́ orúnkún. Ẹ fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ẹ ka ení, èjì, títí dé àrún, kí ẹ tó dẹ̀ ẹ́. Ìgbà 10 ni. Ẹ ka á sókè, nítorí ẹni tó bá sé èémí, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè ru.

Dídìde lórí àga ló ṣe pàtàkì jù. Àga tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 45 ni, kí ẹ̀yìn rẹ̀ kan ògiri, torí àga oníke máa ń yọ̀. Ẹ fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, ẹ tẹ̀ síwájú kí imú kọjá ìka ẹsẹ̀, ẹ wá dìde. Bí ẹ bá ń padà jókòó, ẹ má já lulẹ̀ gbì. Ẹ ka ení dé ẹ̀rin. Ìgbà 8 sí 10, ẹ̀ẹ̀mejì, ọjọ́ 3 lọ́sẹ̀. Bó bá ṣòro, ẹ fi ìrọ̀rí gbé ìjókòó ga. Nígbà tí dídìde ìgbà 12 bá rọrùn, ẹ yọ ìrọ̀rí náà. Àpótí ìdáná kúrú jù, ó ń tẹ orúnkún gan-an: ẹ wá èyí tó ga fún àkàrà dídín. Kírun lórí àga tọ́, ẹni tí kò sì lè kúnlẹ̀ kí àgbà lè tẹríba.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ni ìrora. Ẹ fi í sórí òṣùwọ̀n 0 (kò dunni rárá) dé 10 (ìrora tó le jù). Títí dé 5 lákòókò eré ìdárayá kò burú, bó bá ti rọlẹ̀ kí wákàtí 24 tó pé. Bí orúnkún bá wú tàbí tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ dín iye eré ìdárayá náà kù sí ìlàjì. Ẹ má dáwọ́ dúró pátápátá. Ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 ni iṣan ń gbà kó tó fi ara hàn. Ọ̀sẹ̀ 2 kéré.

Bí orúnkún bá gbóná, tó pọ́n, tí ibà sì dé, tàbí tí ẹran ẹsẹ̀ tó wà lẹ́yìn ojúgun bá wú lójijì, fóònù kọ́: ilé ìwòsàn ni. Oògùn orí àtẹ tí kò ní orúkọ lè ba ikùn àti kíndìnrín jẹ́.

Lọ́sẹ̀ méjì-méjì, ẹ ká apá sí àyà, kí ẹnìkan dúró tì yín, kí ẹ ka iye ìgbà tí ẹ lè dìde lórí àga láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 30. Ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Òun la ó kọ́kọ́ béèrè nígbà tí a bá pè yín.