Olú ara igi: bí ẹ ṣe máa fi ojú àti DNA mọ orúkọ rẹ̀

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń wò wá. Ẹ̀yìn ilé ìlagi kan ni mo wà, lọ́nà Ìlobùú, ní Òṣogbo níbí. Òjò ti rọ̀ dáadáa, olú sì ti hù sára àwọn gẹdú tó ti pẹ́ nílẹ̀.

Ẹ má tíì já a. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́, pàápàá lábẹ́. Ẹ bi àwọn onígẹdú léèrè irú igi tó jẹ́. Arère ni wọ́n pe èyí. Ẹ wá fi ọ̀bẹ wa igi abẹ́ rẹ̀ wò. Ó ti funfun, ó ń ya ní fọ́nrán-fọ́nrán: olú yìí ń jẹ lignin, ohun tó ń mú kí igi le. Ká ní ó pọ́n, tó sì ń sán sí wẹ́wẹ́ onígun mẹ́rin, olú tó ń fi lignin sílẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Àpò pépà ni kí ẹ kó o sí. Láílọ́ọ̀nù á mú un làágùn, á sì bu. Ẹ kọ nọ́ńbà sí i lójú ẹsẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ Igbó Ọ̀ṣun lọ gé olú láìgbàṣẹ. Ibi ọ̀wọ̀ ni, UNESCO náà sì ti kọ ọ́ mọ́ ogún àgbáyé láti 2005.

Ó yá, ẹ sún mọ́ ọn. Olú kékeré tí irun funfun bò yìí, ẹ yí abẹ́ rẹ̀ sókè. Ẹ rí àwọn ìlà yẹn? Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló là sí méjì létí. Tí ọ̀dá bá dé, á ká kò; tí omi bá tún kàn án, á là padà. Schizophyllum commune nìyẹn, ojú nìkan tó o.

Èyí tó ń dán gbinrin yìí ló le. Ihò wínníwínní ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ gbé rúlà àti lẹ́ǹsì lé e, kí ẹ ka iye ihò tó wà nínú mìlímítà kan, níbi mélòó kan. Ẹ gbé e lé pépà funfun, ẹ fi abọ́ dé e mọ́jú. Spore, ìyẹ̀fun tí olú fi ń bí sí i, tó máa dà sílẹ̀ á ní àwọ̀ ilẹ̀. Lábẹ́ máíkrósíkóòpù, awọ spore náà jẹ́ ìpele méjì, orí rẹ̀ kan sì pẹlẹbẹ. Ganoderma ni, orúkọ ìdílé tí irú olú púpọ̀ wà nínú rẹ̀.

Ganoderma wo? Ibẹ̀ ni ojú ti ń tan ni jẹ. Olú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ṣàpèjúwe ní 1781 ló ni orúkọ Ganoderma lucidum, àmọ́ olú tó bá ṣáà ti ń dán ni wọ́n ń sọ ọ́ káàkiri ayé. Ó ń dùn mí gan-an, torí wọ́n ń fi orúkọ yẹn tà á fún aláìsàn.

Nítorí náà, DNA, àkọsílẹ̀ àbùdá tó wà nínú ara olú. Ẹ fi sípíríìtì nu abẹ, ẹ la olú náà, kí ẹ mú inú rẹ̀ bíńtín. Ẹ má mú ara òde. Olú mìíràn tí ojú ò rí lè ti hù síbẹ̀. Nínú yàrá àyẹ̀wò, a ó yọ DNA, a ó fi PCR, ọ̀nà tí wọ́n fi ń sọ DNA bíńtín di púpọ̀, ṣe ẹ̀dà ibi kan lára rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ITS. Láti 2012 ni wọ́n ti fọwọ́ sí i pé òun ni ká fi máa dá olú mọ̀. Primer ITS1F àti ITS4, ègé DNA kékeré tó ń tọ́ka ibi tí ẹ̀dà á ti bẹ̀rẹ̀, ni mo ń lò; nǹkan bíi 600 lẹ́tà DNA ló sábà máa ń jáde.

Ẹ fi wọ́n wé ti GenBank àti UNITE, àwọn àkójọ DNA tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ẹ má kàn di orúkọ àkọ́kọ́ mú. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti já olú ọ̀hún, àti bóyá wọ́n tọ́jú ara rẹ̀ pamọ́. Bí lẹ́tà bá bára mu, tí ihò àti spore sì kọ̀, ẹ má tíì sọ ọ́ lórúkọ. ITS nìkan kì í tó ya àwọn Ganoderma kan sọ́tọ̀. Ẹ fi TEF1 tàbí RPB2, àwọn ibi mìíràn lára DNA, kún un.

Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ẹ fi ooru díẹ̀ gbẹ ẹ́ títí á fi le gan-an. Nọ́ńbà tó wà lára DNA ni kí ẹ kọ sára àpò rẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ jiyàn orúkọ náà lè rí olú fúnra rẹ̀ yẹ̀ wò.